ÀWÒRÁN OÚNJẸ ALẸ́ OLÚWA TÍ Ó WÀ LÁRA ÒGIRI ILÉ WA

Ẹ̀kọ́ fún ìdílé àti fún kíláàsì Bíbélì

Bíbélì kíkà: Ẹ́kísódù 20:1-6, Númérì 21:4-9, Àwọn Ọba Kejì 18:1-6, Jòhánù 13:1-30, Kọ́ríńtì Kìíní 11:17-34.

Àkọ́sórí: Jóṣúà 4:6-7. Kí olùkọ́ kà á ketekete lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, láti Àjàṣẹ́ títí dé Sákétè, Kétu àti Ṣábẹ̀, nǹkan kan wà tí a máa ń gbé kọ́ sínú yàrá àlejò, lókè ibi tí bàbá máa ń jókòó sí. Pákó ni, a sì fín ọnà sí i: Jésù Olúwa wa wà láàrin, àwọn Àpósítélì méjìlá sì wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀, oúnjẹ wà níwájú wọn lórí tábìlì. Ti àwọn ẹlòmíràn kì í ṣe igi, símẹ́ǹtì tàbí bàbà ni a fi ṣe é. Àwọn kan rà á lọ́jà, wọ́n fún àwọn mìíràn lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àwọn mìíràn sì jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá wọn.

Lórí nǹkan yìí ni ìbéèrè ti ń wá sọ́dọ̀ àwa àgbà lemọ́lemọ́. Àwọn kan ní: "Ṣé kì í ṣe ère tí òfin Mósè kọ̀ nìyẹn?" A mọ ilé tí ọmọ ti ń bá bàbá rẹ̀ jà lórí rẹ̀, tí ó ní àfi bí wọ́n bá sọ ọ́ síná ni òun yóò tó sùn lábẹ́ òrùlé náà. A sì mọ ilé mìíràn tí ó jẹ́ pé àbẹ́là kì í kú lábẹ́ rẹ̀ lóru, tí ìyá ilé máa ń fi ọwọ́ kàn án, tí yóò sì fi ọwọ́ náà ra ojú ọmọ tí ara rẹ̀ kò dá. Ọ̀kan ní kí a jó o níná, èkejì ń sìn ín. Ẹ jẹ́ kí a ṣí Ìwé Mímọ́ kí a wo ọ̀nà tí ó tọ́, kí ìdílé má baà túká nítorí pákó.

ÌPÍN KÌÍNÍ: IRÚ NǸKAN WO NI?

Oríṣi mẹ́ta ni àwòrán tí ọwọ́ ènìyàn ń ṣe. Èkínní ni èyí tí a fi ọ̀dà kùn sórí ìwé tàbí aṣọ. Èkejì ni ère tí ó dá dúró, tí a lè yí ká, tí a lè rí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tí à ń sọ yìí: agbẹ́gilére kò gé ènìyàn náà kúrò lára igi, ó kàn fín in títí ojú, ọwọ́ àti aṣọ rẹ̀ fi yọ síta, ẹ̀yìn rẹ̀ sì wà lára pákó síbẹ̀.

Irú iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì ní ilẹ̀ wa. Ẹni tí ó bá ti dé ààfin àwọn ọba Àbọ̀mẹ̀, tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé ohun ìní gbogbo ayé ní 1985, ti rí amọ̀ tí a mọ sára ògiri: kìnnìún tí í ṣe àmì ọba Glele, ẹfọ̀n tí í ṣe àmì ọba Ghezo, àti ogun tí wọ́n jà. Ìtàn ni wọ́n kọ sára ògiri fún àwọn tí kò mọ̀wé. Bákan náà ni pákó tó wà nílé wa: ìtàn ni ó ń sọ, ìtàn alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fi Olúwa hàn.

Àwọn kan máa ń sọ pé: "Èyí kì í ṣe ère, torí kò ní ẹ̀yìn. Ère tó dá dúró nìkan ni òfin kọ̀." Ẹ má ṣe fara pamọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn o. Nínú Ìsíkíẹ́lì orí kẹjọ, wòlíì náà rí àádọ́rin àgbà Ísírẹ́lì nínú yàrá òkùnkùn kan. Ara ògiri ni àwọn àwòrán wà yí ká, wọn kò dá dúró, bẹ́ẹ̀ ni olúkúlùkù mú àwo tùràrí rẹ̀ lọ́wọ́ níwájú wọn. Ìwà náà rí Ọlọ́run lára. Nítorí náà, pé nǹkan ní ẹ̀yìn tàbí kò ní ẹ̀yìn kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí ọkàn wa àti ọwọ́ wa ń ṣe níwájú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

ÌPÍN KEJÌ: OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Nínú Ẹ́kísódù 20:4-5, Ọlọ́run kọ̀ fún Ísírẹ́lì láti yá ère fún ara wọn, ó sì kọ̀ fún wọn láti tẹrí ba fún un tàbí láti sìn ín. Ọ̀rọ̀ méjèèjì so pọ̀ mọ́ra. Bí a bá gé e sí méjì, tí a mú àkọ́kọ́ nìkan, a ó rò pé Ọlọ́run kórìíra gbogbo iṣẹ́ ọnà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìwé kan náà síwájú díẹ̀, ẹ lọ sí orí 25 ẹsẹ 18. Ọlọ́run kan náà ló pàṣẹ fún Mósè pé kí ó fi wúrà lílù ṣe kérúbù méjì sórí ìtẹ́ àánú. Ní orí 26, ó ní kí wọ́n ṣe ọnà kérúbù sára aṣọ títa Àgọ́. Ní orí 31, ó pe Bésálẹ́lì ní orúkọ, ó sì fi Ẹ̀mí rẹ̀ kún un kí ó lè mọ iṣẹ́ wúrà, fàdákà, idẹ, òkúta gbígbẹ́ àti igi fínfín. Ẹ ò rí i? Ẹ̀bùn Ẹ̀mí ni iṣẹ́ agbẹ́gilére ọkùnrin yìí.

Nígbà tí Sólómọ́nì kọ́ tẹ́ńpìlì, Àwọn Ọba Kìíní 6:29 sọ fún wa pé ó fín àwòrán kérúbù, igi ọ̀pẹ àti òdòdó tí ó tanná sára gbogbo ògiri ilé náà yí ká. Igi ólífì ni ó fi ṣe ìlẹ̀kùn, ó fín ọnà kan náà sí i, ó sì fi wúrà bò ó. Ọnà tí ó yọ síta lára pákó, bíi ti inú ilé wa gan-an ni. Kò sí ibi kankan tí Ọlọ́run ti bá Sólómọ́nì wí lórí ìyẹn. Ohun tí ó bá a wí lé lórí ni pé nígbà tí ó darúgbó, ó kọ́ ibi gíga fún òrìṣà àwọn àjèjì obìnrin tí ó fẹ́, ọkàn rẹ̀ sì yí padà.

Nítorí náà, ohun tí a rí kọ́ ni pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú igi tí a fín láti rántí iṣẹ́ Ọlọ́run. Ẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ níbi tí ènìyàn bá ti kúnlẹ̀ fún igi.

ÌPÍN KẸTA: EJÒ IDẸ ÀTI ILÉ MÍKÀ

Ìtàn méjì wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ní àwòrán nílé mọ̀.

Èkínní ni ti ejò idẹ. Ní aginjù, àwọn ènìyàn kùn sí Ọlọ́run, ejò sì bù wọ́n jẹ. Mósè fi idẹ ṣe ejò, ó gbé e kọ́ sórí òpó, ẹni tí ejò bù jẹ tí ó bá wò ó, yóò yè. Àṣẹ Ọlọ́run ni. Olúwa wa Jésù pàápàá mú un ṣe àpẹẹrẹ ara rẹ̀ nínú Jòhánù 3:14. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ayé ọba Hesekáyà, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìran, wọ́n ti ń sun tùràrí sí ejò náà. Kí ni Hesekáyà ṣe? Ó fọ́ ọ túútúú. Ẹ kíyè sí i: ejò kan náà ni, idẹ kan náà ni. Nígbà tí a gbé e sókè kí a lè wò ó, ìyè ni ó mú wá. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í sun tùràrí fún un, ó di ìdẹkùn. Idẹ kò yí padà, àwọn ènìyàn ni wọ́n yí padà.

Èkejì wà nínú Àwọn Onídàájọ́ orí 17 àti 18. Míkà jí ẹgbẹ̀rún kan àti ọgọ́rùn-ún owó fàdákà ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó dá a padà, ìyá náà mú igba nínú rẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ, wọ́n fi ṣe ère, wọ́n gbé e sínú ilé Míkà. Ó tún gba ọmọ Léfì kan ní àlùfáà, ó ń fún un ní owó mẹ́wàá lọ́dún, aṣọ àti oúnjẹ, ó wá ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé báyìí Olúwa yóò ṣe òun ní oore. Kò pẹ́ tí àwọn ará Dánì kọjá, wọ́n kó ère lọ, wọ́n kó àlùfáà lọ. Míkà ń sáré tẹ̀ lé wọn, ó ń ké pé wọ́n ti kó àwọn ọlọ́run tí òun ṣe lọ. Ará, ọlọ́run tí olè lè gbé, ṣé òun ni yóò ṣọ́ ilé lọ́wọ́ olè?

Ẹni tí ó bá gbé àwòrán Olúwa kọ́ sílé nítorí kí àjẹ́ má wọlé, kí olè má wọlé, kí ọjà lè tà, ọmọ ìyá Míkà ni. Olúwa ni í pa ilé mọ́. Pákó ń rán wa létí Olúwa ni, kò lè gba ipò rẹ̀.

ÌPÍN KẸRIN: ỌWỌ́ TÍ Ó GBẸ́ Ẹ

Ìbéèrè yìí pọ̀ ní Kétu àti agbègbè rẹ̀, níbi tí iṣẹ́ igi gbígbẹ́ ti wà láti ìgbà àwọn baba ńlá. Àwọn ará ń bèèrè pé: "Ẹni tí ó gbẹ́ pákó yìí, òun náà ni ó ń gbẹ́ agbárí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ṣé ọwọ́ rẹ̀ kò ti ba igi náà jẹ́?"

Ẹ jẹ́ kí a wo bí Bíbélì ti ṣe é. Nígbà tí Sólómọ́nì ń wá ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ idẹ tẹ́ńpìlì, Hírámù ará Tírè ni ó ránṣẹ́ pè. Opó ẹ̀yà Náfútálì ni ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ará Tírè, ìlú abọ̀rìṣà, ni bàbá rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nítòsí wa pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Kátólíìkì SMA, tí ó dé Wídà ní 1861, náà ni ó rán Fáda Kevin Carroll wá sí ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà. Ní 1947 ni iṣẹ́ ọnà bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì lábẹ́ àbójútó rẹ̀. Kò kó àwòrán òyìnbó lé àwọn agbẹ́gilére lọ́wọ́ pé kí wọ́n dà á kọ. Ìtàn Bíbélì ni ó sọ fún wọn, ó sì jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ bí bàbá wọn ti kọ́ wọn. Bámidélé ọmọ Àrẹ̀ògún ará Ọ̀sì-Ìlọrin, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bándélé, wà níbẹ̀, àwọn amòye tí ó wá kí Jésù ọmọ ọwọ́ sì gbé ìwọ̀sí ọba Yorùbá wọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, tí ó kú ní 2009, kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Bándélé níbẹ̀. Mùsùlùmí ni Fákẹ́yẹ, ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n bí i sí, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ti jáde.

Pọ́ọ̀lù Àpósítélì ti fún wa ní ìlànà lórí irú ọ̀ràn yìí, nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa ẹran tí wọ́n ń tà lọ́jà. Nínú Kọ́ríńtì Kìíní 10:25-28, ó ní kí a jẹ ohun tí ó wà lọ́jà láìbèèrè, torí pé ti Olúwa ni ayé. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá sọ fún wa pé wọ́n ti fi rúbọ sí òrìṣà, kí a má jẹ ẹ́, nítorí ẹni tí ó sọ ọ́ àti nítorí ẹ̀rí ọkàn. Ẹ fi ìyẹn mú pákó náà. Bí ẹ bá rí i lọ́jà tí ó wù yín, ẹ rà á, ẹ má ṣe wádìí ẹ̀sìn oníṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí oníṣẹ́ bá sọ fún yín pé òun ti bọ igi náà kí òun tó gé e, tàbí pé òun ti fi nǹkan sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó lè ṣọ́ ilé, ẹ dá a padà fún un. Ẹ má sọ pé owó ti jáde.

ÌPÍN KARÙN-ÚN: IBI TÍ ÀWÒRÁN NÁÀ TI WÁ

Ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń wò. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn pákó Oúnjẹ Alẹ́ tí ó wà nílé wa, ara àwòrán kan ni wọ́n ti mú un. Leonardo da Vinci ni ó kùn ún sára ògiri ní ìlú Mílánù ní ilẹ̀ Ítálì, láàrin 1495 sí 1498. Kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ògiri náà wà. Yàrá oúnjẹ àwọn ẹlẹ́sìn tí ń gbé ní Santa Maria delle Grazie ni, kí wọ́n lè máa wo oúnjẹ Olúwa bí àwọn náà ti ń jẹun.

Ìṣẹ́jú kan ni Leonardo yàn nínú ìtàn náà: ìgbà tí Jésù sọ pé ọ̀kan nínú wọn yóò fi òun hàn. Ó pín àwọn Àpósítélì sí ọ̀nà mẹ́rin, mẹ́ta-mẹ́ta, Jésù sì dá wà láàrin. Olúkúlùkù ń bi ara rẹ̀ bóyá òun ni. Tọ́másì na ìka sókè. Pétérù mú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ẹni tí ó di àpò mú, tí ó fà sẹ́yìn díẹ̀, Júdásì ni, torí òun ni ó ń tọ́jú àpò owó wọn (Jòhánù 12:6). Bí agbẹ́gilére yín bá mọṣẹ́ dáadáa, ẹ wo pákó yín, ẹ ó rí àpò náà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó bá Bíbélì mu. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo tábìlì ni gbogbo wọn jókòó sí, kí àwa tí à ń wò ó lè rí ojú gbogbo wọn. Kò sí ẹni tí í jẹun báyẹn nílé. Ní ayé ìgbà náà, ṣe ni wọ́n ń rọ̀gbọ̀kú jẹun níbi àsè. Ìdí nìyẹn tí Jòhánù 13:23 fi sọ pé ọmọ ẹ̀yìn kan fara ti àyà Jésù. Ọjọ́ Àkàrà Àìwú ni, ṣùgbọ́n búrẹ́dì tí ó wú ni a ń rí lára ògiri Mílánù. Ojú Jésù náà, kò sí nínú àwọn Ìhìn Rere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ó ti rí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wo pákó kí ó ní: "Báyìí gan-an ni ojú Olúwa mi." Èrò ọkàn oníṣẹ́ ni. Ìtàn inú Ìwé ni ó dájú.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ìyókù. Leonardo kò kun ògiri náà nígbà tí ó ṣì tutù bí àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe; orí ògiri gbígbẹ ni ó kùn ún sí, kò sì pẹ́ tí ọ̀dà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ní 1652, wọ́n lu ìlẹ̀kùn sí ìsàlẹ̀ ògiri náà, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ Jésù lọ. Ní 1943, nínú ogun àgbáyé ẹlẹ́ẹ̀kejì, bọ́ǹbù bọ́ lé ilé náà. Àpò iyanrìn tí wọ́n tò ti ògiri ni kò jẹ́ kí ó wó. Láti 1978 títí di 1999 ni wọ́n fi tún un ṣe, díẹ̀díẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àwòrán tí ó lókìkí jù láyé nìyẹn. Bí ènìyàn bá ní láti fi àpò iyanrìn dáàbò bò ó, báwo ni èyí tí ó wà nílé wa, tí ikán lè jẹ, yóò ṣe máa dáàbò bò wá?

ÌPÍN KẸFÀ: BÍ A TI YẸ KÍ A LÒ Ó

Ẹ fetí sí ìwọ̀nyí, kí ẹ sì kọ́ àwọn ará ilé yín.

1. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kúnlẹ̀ sí i, kí a má sì gbàdúrà sí i. Bí a bá ń gbàdúrà nínú yàrá tí ó wà, Ọlọ́run ọ̀run ni à ń bá sọ̀rọ̀.

2. A kò gbọdọ̀ tan àbẹ́là fún un, a kò gbọdọ̀ sun tùràrí fún un, a kò gbọdọ̀ da lọ́fínńdà tàbí òróró lé e lórí. Ẹ rántí ejò idẹ.

3. A kò gbọdọ̀ gbé oúnjẹ, obì tàbí omi síwájú rẹ̀. Oúnjẹ tí Jésù fẹ́ kí a gbé sílẹ̀, iwájú ẹni tí ebi ń pa ni.

4. Kí a má fi ọwọ́ kàn án búra. Ìbúra lórí igi kò yàtọ̀ sí ìbúra lórí irin.

5. Kí a má yá owó ra èyí tí ó tóbi torí pé ti aládùúgbò wa tóbi. Ìgbéraga kò lè ṣe àwòrán Ẹni tí ó wẹ ẹsẹ̀ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀ṣọ́.

6. Kí a nù ún, kí a má gbé e kọ́ sára ògiri tí ó ń sun omi, kí a sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ nítorí ikán. Bí ó bá gbó tàbí tí ó bá ṣẹ́, kí a má bẹ̀rù láti mú un kúrò. Igi ni. Kò sí ègún nínú rẹ̀.

7. Kí olórí ilé mọ ìtàn rẹ̀, kí ó lè sọ ọ́. Èyí ni ó ṣe pàtàkì jù.

Lórí èyí tí ó kẹ́yìn, ẹ wo àkọ́sórí wa. Nígbà tí Ísírẹ́lì la Jọ́dánì kọjá, Ọlọ́run ní kí wọ́n gbé òkúta méjìlá láti àárín odò. Fún kí ni? Kí ó lè jẹ́ pé nígbà tí àwọn ọmọ bá bèèrè ìtumọ̀ òkúta wọ̀nyí lẹ́yìn ọ̀la, bàbá yóò ní ohun tí yóò sọ. Òkúta láìsí bàbá tí ń sọ̀rọ̀, òkúta lásán ni. Bí ọmọ ọdún márùn-ún bá nawọ́ sí pákó tí ó bèèrè pé: "Bàbá, ta ni èyí tí ó di àpò mú?", tí bàbá sì ní: "Lọ ṣeré," pákó náà ti di ẹrù lára ògiri. Ṣùgbọ́n bí bàbá bá gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, tí ó sọ ìtàn náà fún un, a jẹ́ pé ilé di kíláàsì Bíbélì. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

ÌPÍN KEJE: BÍ ỌMỌ BÁ FẸ́ FỌ́ Ọ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, a dúpẹ́ fún ìtara yín. Àwọn kan nínú yín máa ń mú Gídíónì ṣe àpẹẹrẹ, tí ó wó pẹpẹ Báálì bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka Àwọn Onídàájọ́ 6:25 dáadáa. Ọlọ́run ni ó bá a sọ̀rọ̀, pẹpẹ ni ó sì wó, ibi tí wọ́n ti ń rúbọ sí òrìṣà. Ṣé bàbá yín ń rúbọ sí pákó? Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àáké kọ́ ni ẹ ó kọ́kọ́ mú, ẹnu ni. Ẹ kúnlẹ̀ kí bàbá yín, ẹ bi í ní ohun tí pákó náà jẹ́ fún un. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọlọ́run tí ó kọ̀ ère náà ni ó pàṣẹ pé kí a bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá, òfin kan náà ni.

Àríyànjiyàn yìí kò bẹ̀rẹ̀ lórí yín. Ní 787, àwọn bíṣọ́ọ̀bù péjọ sí Nísíà, wọ́n sì fẹnu kò pé a lè bu ọlá fún àwòrán mímọ́, ṣùgbọ́n ti Ọlọ́run nìkan ni ìjọsìn. Ní 1524, ní ìlú Zurich ní Swítsálándì, wọ́n kó gbogbo àwòrán kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn méjèèjì gbàgbọ́ nínú Jésù kan náà.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá, ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹ̀yin náà. Pọ́ọ̀lù sọ nínú Kọ́ríńtì Kìíní orí kẹjọ pé bí oúnjẹ òun yóò bá mú arákùnrin òun kọsẹ̀, òun kò ní jẹ ẹran mọ́. Bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú òrìṣà bá wà nílé yín, tí pákó yìí ń dẹ́rù bà á, tí ó ń rán an létí ojúbọ, ẹ gbé e wọ yàrá fún ìgbà díẹ̀. Kí ni yóò dín lára yín? Ọkàn ènìyàn kan wúwo ju pákó lọ.

ÌPÍN KẸJỌ: TÁBÌLÌ TÍ Ó WÀ LÁBẸ́ PÁKÓ

A dé ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti ń lọ. Ẹ ka iye orí tí ó wà lára pákó: mẹ́tàlá. Júdásì wà nínú wọn. Jésù mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ ó wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì fi òkèlè fún un lọ́wọ́ ara rẹ̀ (Jòhánù 13:26). Kò lé e kúrò nídìí oúnjẹ, òun fúnra rẹ̀ ni ó dìde jáde lọ, ilẹ̀ sì ti ṣú.

Ẹ wá wo ìsàlẹ̀ pákó náà nínú ilé wa. Àwọn wo ni wọ́n ń jẹun níbẹ̀? Ilé wà tí tọkọtaya ti ń bára wọn yodì fún oṣù mẹ́ta, tí olúkúlùkù ń jẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀ lábẹ́ àwòrán Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ilé wà tí àwọn ọmọ ìyá kan ti ń pín ogún bàbá wọn lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń ṣépè fún ara wọn. Ilé sì wà, ẹ̀yin ará, a ń fi ìrora sọ ọ́, tí ọmọ tí wọ́n gbà láti abúlé wá pé àwọn yóò tọ́ ni ó ń se oúnjẹ, òun ni ó ń gbé e wá, òun ni ó ń fọ àwo, tí ó jẹ́ pé ìdí ìkòkò nìkan ni ó ń jẹ, lẹ́yìn ilé, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti sùn. Gbogbo ọjọ́ ni ọmọ yẹn ń fi àkísà nu ojú Jésù lára pákó. Kí ni ó rò pé Jésù yẹn ń sọ nípa òun?

Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Ohun kan náà ni Pọ́ọ̀lù bá àwọn ará Kọ́ríńtì wí lé lórí. Wọ́n ń jẹ oúnjẹ Olúwa, ṣùgbọ́n ebi ń pa ẹnìkan, ẹlòmíràn sì ń mu àmuyó, wọ́n ń dójú ti àwọn tí kò ní. Ó ní irú ìyẹn kì í ṣe oúnjẹ Olúwa rárá. Wọn kò ní pákó lára ògiri, ṣùgbọ́n wọ́n ba ohun tí pákó ń sọ jẹ́.

Bí a bá ń wá òrìṣà nínú ilé onígbàgbọ́, ẹ jẹ́ kí a máa wò ó níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí kò tẹrí ba fún igi, ṣùgbọ́n tí ó fi ebi pa ọmọ ọlọ́mọ, tí ó ní a kì í bọ̀rìṣà nílé òun, ikùn rẹ̀ ni òrìṣà tí ó ń bọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní àwòrán náà, ẹ mú un ṣe òṣùwọ̀n. Lọ́sẹ̀ yìí, kí olórí ilé yan alẹ́ kan. Kí gbogbo ará ilé jẹun pọ̀, láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ọmọ bíbí àti ọmọ tí a gbà tọ́. Kí ẹni tí ó ń bá ẹlòmíràn yodì kọ́kọ́ bù oúnjẹ fún un. Kí bàbá sọ ìtàn alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ kò ní àwòrán, ẹ má ṣe wá owó rà á. Ẹ ṣe ohun kan náà. Ilé yín ti ní i.

ÌBÉÈRÈ FÚN KÍLÁÀSÌ

1. Kí ni ó mú kí ejò idẹ tí Ọlọ́run pàṣẹ di ohun tí Hesekáyà fọ́?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin òkúta méjìlá Jóṣúà àti ère Míkà?
3. Bí oníṣẹ́ bá sọ pé òun ti bọ igi kí òun tó gbẹ́ ẹ, kí ni a ó ṣe? Fi Bíbélì gbè é lẹ́sẹ̀.
4. Ta ni kì í bá yín jẹun nílé yín? Kí ló fà á? (Kí olúkúlùkù dáhùn èyí nínú ọkàn rẹ̀, kì í ṣe fún kíláàsì.)

ÀDÚRÀ

Olúwa Ọlọ́run wa, Ìwọ tí ojú kò rí, tí ọwọ́ kò lè gbẹ́, gba ilé wa lọ́wọ́ ìbọ̀rìṣà tí ó hàn àti èyí tí ó fara pamọ́. Kọ́ wa láti máa rántí ikú Ọmọ rẹ láìsin igi. Da ọkàn bàbá padà sọ́dọ̀ ọmọ, àti ti ọmọ sọ́dọ̀ bàbá. Jẹ́ kí àyè wà nídìí oúnjẹ wa fún ẹni tí kò ní. Ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.